Èémí, Ẹwìrì àti Bọ́ọ̀lù Tí Ń Léfòó

Ní Sakin, ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè 8 tí a pín ìjọba ìbílẹ̀ Sábẹ̀ẹ́ sí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe òní ni a ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí lágbára: láti ayé àwọn baba ńlá wa ni àwọn alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún, ti ń fi ẹwìrì fẹ́ iná títí irin fi pọ́n yòò.

Ohun ìṣeré tí mo fẹ́ sọ, tí agbára afẹ́fẹ́ yìí kan náà ń mú ṣiṣẹ́, kò ju páìpù kékeré kan àti bọ́ọ̀lù fúyẹ́ lọ. Bí ènìyàn bá fẹ́ èémí sínú páìpù náà, bọ́ọ̀lù náà a gbéra, a sì máa jó lójú òfuurufú láìsí okùn, láìsí ọwọ́. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú: afẹ́fẹ́ tí ń gòkè ló ń gbé ìwúwo bọ́ọ̀lù náà ró, bí ó bá sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ náà a rọ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀lù, a sì fà á padà sáàárín, débi pé a lè mú kí páìpù dagun díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má sì jábọ́. Daniel Bernoulli, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ìwé rẹ̀ lórí ìṣàn omi jáde ní 1738, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dárúkọ bí wọ́n bá ń ṣàlàyé èyí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, Henri Coandă, ọmọ Romaníà, tí ó kíyè sí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀lé ara ohun róbótó, ló súnmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù.

Bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì, tí ìwọ̀n tòní jẹ́ gíráàmù 2.7, ló bá eré yìí mu jù. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ó bá gé igi ewé ìbẹ́pẹ, tí ó ní ihò nínú, tí ó sì ká òwú àràbà róbótó, ti ní tirẹ̀ lọ́wọ́.