Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Àrùn Lórúkọ

Ẹni tí ó bá ti dúró ti alápatà rí níbi tí ó ti ń la igẹ̀ màlúù yóò ti rí i pé ọkàn kì í wà ní ìhòòhò nínú àyà. Inú àpò awọ kan ni ó ń gbé, awọ fẹ́lẹ́ tí ó yi, tí omi díẹ̀ wà láàárín òun àti ọkàn, kí ọkàn, òṣìṣẹ́ tí kì í sùn bí olówó rẹ̀ bá sùn, alùlù-má-sinmi láti inú oyún títí di ọjọ́ alẹ́, má baà fi ara họ ara níbi tí ó ti ń lù tọ̀sán-tòru. Àpò yìí ni ìtàn mi dá lé, nítorí pé àrùn a máa bá a jà, orúkọ tí àwọn oníṣègùn sì ń fún àrùn náà ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, àgàgà láti ìgbà tí kòkòrò HIV ti dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ará ìṣáájú fi ojú àti etí pín in ni. Ibn Zuhr, àgbà oníṣègùn ìlú Seville ní ọ̀rúndún kejìlá, ti kọ nípa àìsàn awọ náà. Ní 1669, Richard Lower, ará Ẹ́ńgílándì, ṣàlàyé bí omi tí ó bá kún inú àpò náà ṣe ń há ọkàn mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní rí àyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ó di ẹ̀yà mẹ́ta: gbígbẹ, tí awọ wíwú ń ha ara wọn, tí ó sì ń dún létí dókítà bí bàtà awọ tuntun, olómi, àti èyí tí awọ rẹ̀ ti gan bí awọ ìlù tí a sá sóòrùn, tí ó wá di ìdè mọ́ ọkàn lára. Nígbà tí Robert Koch, ará Jámánì, fi kòkòrò ikọ́ ife han aráyé ní 1882, wọ́n kúrò lórí bí àrùn náà ti rí, wọ́n bọ́ sórí ohun tí ó bí i. Ṣùgbọ́n bí ikọ́ ife ti ń dín kù ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn awọ ọkàn níbẹ̀ di ẹni tí a kọ sínú ìwé pé a kò mọ ohun tí ó ṣe wọ́n. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé Yúróòpù ni ìwé wọ̀nyẹn wò.

Ilé mìíràn ni Transkei, ilẹ̀ àwọn Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà, tí àwọn ọkùnrin rẹ̀ ń lọ wa góòlù ní agbègbè Johannesburg, tí wọ́n sì ń gbé ikọ́ ife bọ̀ wálé pẹ̀lú owó oṣù tí kò tó í jẹun. Níbẹ̀, ní àwọn ọdún 1980, J. I. G. Strang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi prednisolone, oògùn tí ń dín wíwú kù, kún oògùn ikọ́ ife; nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1988 lórí àwọn ènìyàn 240 tí omi kún àpò ọkàn wọn, ikú dín kù. Ó jọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí, àṣé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Éèdì, àrùn tí HIV ń fà, tí wọ́n kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1981, ni àwa sọ ní kògbóògùn. Orúkọ náà bá ìgbà rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ó ti di irọ́ láti nǹkan bí 1996 tí àwọn oògùn alápapọ̀ ti dé, ó sì wù mí kí a gbà á padà. Kí oògùn wọ̀nyẹn tó dé, omi nínú àpò ọkàn jẹ́ àmì búburú: ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1995 fi hàn pé nínú 100 àwọn tí àrùn éèdì ń ṣe tí wọ́n sì ní omi yìí, 36 péré ni ó wà láàyè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí àwọn tí kò ní in jẹ́ 93. Níbẹ̀, jẹjẹrẹ lè fà á, kòkòrò mìíràn lè fà á, ìgbà púpọ̀ ni a kì í sì í rí ohun tí ó fà á rárá. Ní Áfíríkà, bí HIV bá wà lára ènìyàn tí omi sì kún àpò ọkàn rẹ̀, ikọ́ ife ni ó sábà máa ń fà á.

Ẹni tí ó wá fi ara jìn fún ọ̀ràn yìí ni Bongani Mayosi, ọmọ bíbí Transkei, tí a bí ní 1967, ọdún náà gan-an tí Christiaan Barnard pààrọ̀ ọkàn ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Groote Schuur ní Cape Town, ilé ìwòsàn tí Mayosi yóò padà di ọ̀gá àwọn oníṣègùn rẹ̀. Ní 2004, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé kan, wọ́n kọ orúkọ aláìsàn 185 sínú rẹ̀ láti ilé ìwòsàn 15 ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti Gúúsù Áfíríkà. Nínú oṣù mẹ́fà, 26 nínú 100 ti kú. Láàárín àwọn tí àmì HIV hàn lára wọn, ó tó 40. Láàárín àwọn tí kò hàn lára wọn, 17 ni.

Ìpín tuntun sì wọlé, ìpín ìdánilójú. Bí abẹ́rẹ́ bá fa omi, tí a rí kòkòrò ikọ́ ife nínú rẹ̀, ó dájú. Bí a kò bá rí i, tí ikọ́ ife wà níbòmíràn lára, tàbí tí èròjà tí wọ́n ń pè ní ADA pọ̀ nínú omi náà, a ó kọ ọ́ pé ó jọ ọ́. Ohun tí ó ṣòro ni pé kòkòrò náà a máa fara pamọ́ sínú omi, bí dókítà bá sì ní kí òun dúró títí yóò fi dájú, aláìsàn lè má dúró dè é.

Èyí tí ó jọ mí lójú jù lọ ni ti awọ gíganpá. Ènìyàn ì bá rò pé ara tí HIV ti sọ di aláìlágbára ni awọ ọkàn rẹ̀ yóò gan jù, ṣùgbọ́n òdìkejì ni wọ́n rí. Àwọn ọmọ-ogun ara ni wọ́n ń ja ìjà tí ó ń fi àpá sílẹ̀. Níbi tí ọmọ-ogun kò bá pọ̀, àpá kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá á ráyè rìn káàkiri, á sì lè wọ inú ẹran ọkàn fúnra rẹ̀. Àpò tí kò gan, nígbà náà, kì í ṣe àmì pé ara le.

IMPI ni Mayosi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ìwádìí ńlá lórí prednisolone tí ó tẹ̀ lé e. Nínú èdè Xhosa àti Zulu, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ni ọ̀rọ̀ náà, ogun pàápàá ni. Ènìyàn 1,400 ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀, ni ó kópa, HIV sì wà lára bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní 2014, ọdún mẹ́rin kí Mayosi tó papòdà. Prednisolone kò gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú bí Transkei ti mú wa retí. Ó dín awọ gíganpá kù láti 78 nínú 1,000 sí 44, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tí HIV ń ṣí ilẹ̀kùn fún di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta láàárín àwọn tí ó lò ó. Láti ìgbà náà, àpò ọkàn méjì lè kún fún omi bákan náà, kí ikọ́ ife kan náà sì fa méjèèjì, kí dókítà tún kọ́kọ́ wá àbájáde àyẹ̀wò HIV ẹni tí ó ni wọ́n kí ó tó kọ prednisolone fún ọ̀kan, kí ó sì dá a dúró fún èkejì.