Akẹ́kọ̀ọ́ Arìnrìn-àjò ní Èbúté Alẹkisáńdíríà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrìn jìnnà ni a fi ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá ń wá ẹni tí òwe yìí bá mu nínú ìtàn ayé, Ibn Battuta, ọmọ ìlú Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò, yóò wà lára àwọn tí a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ọdún 1304 ni a bí i sínú ìdílé àwọn adájọ́, òun náà sì kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1325, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21, ó dágbére fún bàbá àti ìyá rẹ̀, ó kọrí sí Mẹ́kà láti ṣe Háàjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1326 ni ó wọ Alẹkisáńdíríà, èbúté ńlá ilẹ̀ Íjíbítì ní etí Òkun Mẹditaréníà.

Ìlú tí ó wọ̀ yìí kì í ṣe ìlú àná. Alexander, ọba Makedóníà, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 331 ṣáájú ìbí Kristi. Ní ayé àwọn ọba tí ń jẹ́ Ptolemy, òkìkí ilé-ìkàwé rẹ̀ kàn káàkiri. Ibẹ̀ ni Eratosthenes ti ṣírò bí ayé ti tóbi tó yí ká. Nígbà tí Ibn Battuta dé, ilé-ìkàwé náà ti parẹ́ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́ kò parẹ́ níbẹ̀. Ibn Jubayr, ará Andalúsíà, tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1183, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Sultan Saladin pèsè ilé-ẹ̀kọ́ àti ibùgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n ní olùkọ́, wọ́n ní ilé ìwẹ̀, wọ́n sì ní oníṣègùn tí ń tọ́jú aláìsàn wọn. Àwọn arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ Màgíríbù a máa gba búrẹ́dì 2 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n Ibn Jubayr kan náà kò fi bò pé àwọn agbowó-bodè tú ẹrù àwọn èrò ọkọ̀, tí wọ́n sì ki ọwọ́ bọ ìbàdí wọn láti wá ohun tí wọ́n fi pamọ́. Àpọ́nlé àti ìwọ̀sí ni àlejò ń bá pàdé nínú ìlú kan náà.

Bodè 4 ni Ibn Battuta kà: ọ̀kan kọjú sí ọ̀nà Màgíríbù, ọ̀kan sí Rashid, ọ̀kan sí òkun, ẹ̀kẹrin, Bodè Aláwọ̀ Ewé, kì í ṣí àfi ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń lọ sí ibojì. Ó lọ wo ilé-ìṣọ́ oníná tí a kọ́ ní nǹkan bí ọdún 280 ṣáájú ìbí Kristi láti máa tọ́ àwọn awakọ̀ òkun sọ́nà. Ìsẹ̀lẹ̀ ọdún 1303 ti bà á jẹ́. Ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti wó. Ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ ga sókè kúrò nílẹ̀, pákó ni a tẹ́ láti ilé kan tí ó kọjú sí i. Bí a bá ká pákó náà kúrò, kò sí ẹni tí ó lè wọlé. Ó wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: 140 ìbú ọwọ́ tí a yà láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Nígbà tí ó tún padà dé ibẹ̀ ní ọdún 1349, gbogbo rẹ̀ ti di àwókù, kò sì ṣeé wọ̀ mọ́. Ní ọdún 1477 Sultan Qaitbay bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ odi sí orí ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1994 àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ sí mùwẹ̀ sí abẹ́ odi yìí, wọ́n sì bá àwọn òkúta ńláńlá nínú òkun.

Ní ìlú yìí kan náà ni ó ti ṣe àlejò Burhan al-Din, ẹni mímọ́ kan, fún ọjọ́ 3. Ó ní bàbá yìí ṣàkíyèsí pé òun fẹ́ràn ìrìn-àjò, ó sì rán òun ní iṣẹ́ ìkíni sí àwọn arákùnrin rẹ̀ 3, ọ̀kan ní Íńdíà, ọ̀kan ní Sind, ọ̀kan ní Ṣáínà. Ẹnu ya ọ̀dọ́mọkùnrin náà, nítorí kò tíì rò ó rí láti dé ibẹ̀. Ó sì wí pé òun kò sinmi títí òun fi rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Níbí ni ó yẹ kí òǹkàwé ti dúró díẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò sì ju ẹnìkan lọ. Ọdún 1355 ni Ibn Juzayy parí àkọsílẹ̀ ìtàn tí Ibn Battuta ń sọ fún un, nígbà tí arìnrìn-àjò náà ti dé gbogbo ibi tí àsọtẹ́lẹ̀ náà dárúkọ. Bákan náà, ó fi èbúté Alẹkisáńdíríà wé ti Kawlam àti Kalikut ní Íńdíà àti ti Zaytun ní Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fojú kan ọ̀kankan nínú wọn ní ọdún 1326. Ojú àgbàlagbà ti bá ojú ọ̀dọ́ wo ìlú náà. Èyí kò sọ ìwé náà di irọ́. Ó ń kọ́ni láti ya ohun tí ó fojú rí, tí ó sì fọwọ́ wọ̀n, sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọdún ti fi kún un ni.

Ọ̀ràn yìí kan ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ó wọn ilé-ìṣọ́ náà ni ó rin ilẹ̀ Màlí ní ọdún 1352 àti 1353, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ìwọ̀nba tí ó kù láti ọwọ́ ẹni tí ó fojú rí ìjọba náà nígbà tí ó wà nínú ògo rẹ̀. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí baba bá sọ̀rọ̀, ojúṣe ọmọ tí ó mọ̀wé ni láti béèrè ohun tí baba rí, ìgbà tí ó rí i, àti ìgbà tí ó tó sọ ọ́.