Sùúrù Kò Mú Owó Géèmù Wálẹ̀ Mọ́

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó dàgbà ní Ìdó wà, ti Ọ̀yẹ́ wà, ti Ìkọ̀lé náà wà. Ohun kan tí gbogbo wa jọ mọ̀ láti kékeré ni ilé géèmù: yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ǹṣì onígi, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá jẹ yóò jókòó, ẹni tí wọ́n bá jẹ yóò gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bàbá wa ń ṣe nídìí ọpọ́n ayò, tí ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n igi oko wa la fi ń gbẹ́ ọpọ́n ayò, inú igbó wa la sì ti ń ṣa ọmọ ayò. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra PlayStation.

Báwo wá ni PlayStation ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń fi owó àkàrà gbá géèmù? Sùúrù ni. Nígbà tí PlayStation 2 dé Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, dọ́là 299 ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, owó rẹ̀ ń wálẹ̀, títí ó fi di dọ́là 99 ní 2009. PlayStation 3 ti jáde ní 2006, àwọn olówó ti lọ sídìí tuntun, èyí tí wọ́n pa tì sì di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òun la fi mọ géèmù bọ́ọ̀lù. A pẹ́ kí a tó débẹ̀, ṣùgbọ́n a débẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá 2013, PlayStation 4 jáde ní dọ́là 399. Ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là nígbà náà, dọ́là kan kò tó ₦160, nítorí náà ẹ̀rọ yẹn kò tó ₦64,000, kí a tó ka owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè oníṣòwò mọ́ ọn. Ní oṣù kọkànlá 2020, PlayStation 5 jáde ní dọ́là 499. Dọ́là ti di nǹkan bí ₦380, ẹ̀rọ sì di nǹkan bí ₦190,000. Ẹ wò ó dáadáa: ní dọ́là, ìdá kan nínú mẹ́rin ló fi lé sí i, ní náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ìgbà yẹn náà ni géèmù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní dọ́là 60 bọ́ sí 70.

A ní kò burú, a óò dúró bí ìṣe wa. Ibí yìí ni ìtàn ti yí padà. Ní oṣù kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ₦190,000 nígbà tó jẹ́ tuntun wá sún mọ́ ₦750,000 nígbà tó pé ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kẹjọ 2025, Sony tún fi dọ́là 50 lé e ní Amẹ́ríkà. Ohun tó máa ń wálẹ̀ bó ti ń gbó ti wá ń gòkè bó ti ń gbó.

Ọdún 2023 yẹn náà ni ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dópin, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé géèmù sì di ẹrù. Onílé géèmù kò lè ra ẹ̀rọ tuntun, kò sì lè bu owó tó pọ̀ lé ọmọdé. Ọ̀kan nínú àwọn ilé géèmù tí a mọ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Àwọn ọmọ tó ń wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ti ń wá ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù.

Àwọn àgbà ní sùúrù ni baba ìwà, a kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ìgbà èwe wa ní àríwá Èkìtì, kó má wo orúkọ géèmù nìkan. Kó bèèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là ní ọdún tí a gbá a.