Àwòrán Ìgboro Paris Àtijọ́

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bóyá nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé àwòrán tí a fi ẹ̀rọ yà kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ni ní ìtàn ní láti kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ojú ẹ̀rọ náà kò tó.

Ní ọdún 1838, Louis Daguerre, ará Faransé, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ojú fèrèsé òkè kan ní Paris, ó sì ya àwòrán òpópónà tí à ń pè ní Boulevard du Temple. Ilé, òrùlé àti igi ibẹ̀ hàn kedere. Síbẹ̀, òpópónà tí èrò àti ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin máa ń kún yìí dá páropáro bí ahoro. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Àwo bàbà tí a fi fàdákà bò ni Daguerre ń lò, ìmọ́lẹ̀ sì ní láti bà lé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwòrán tó mú. Ohun tí ó dúró ni àwo náà rí. Ohun tí ń lọ kò fi ipa sílẹ̀. Ọkùnrin kan hàn gbangba, nítorí pé ó dúró kí a bá a dán bàtà rẹ̀. Ẹni tí ń dán an hàn fírífírí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Irú àwo bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ sórí ìwé. Nígbà tí Lerebours ń gbé ìwé àwòrán ìlú rẹ̀, Excursions daguerriennes, jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣọ̀nà ni ó ń da àwòrán náà kọ, tí wọ́n ń fín in sára àwo mìíràn. Wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ya ènìyàn kún un. Ẹ̀rọ kò rí àwọn ènìyàn wọ̀nyí rí. Síbẹ̀, wọ́n rán òǹkàwé létí pé ìgboro kì í ṣófo.

Láti ọdún 1853 ni Haussmann ti ń wó àdúgbò àtijọ́ ní Paris láti la ọ̀nà gbòòrò. Charles Marville ya irú àwọn òpópónà bẹ́ẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì ju 400 lọ. Òkúta ojú ọ̀nà àti pátákó ìtajà pọ̀ nínú wọn. Àwọn olùgbé tí a fẹ́ lé kúrò ṣọ̀wọ́n.

Ẹlẹ́rìí pàtàkì ni àwòrán. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni. Kí olùkọ́ tí ó bá gbé e ka iwájú ọmọ ilé-ìwé gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìgbà náà tì í, kí a má baà pe ìlú tí ó kún ní ahoro.