Àṣìṣe, Àléébù, Ìkùnà: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Títún Sọ́fítíwíà Ilé-Iṣẹ́ Ṣe

Sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń tọ́jú ìwé jẹ́ ilé ìkówèésí, yàrá akọ̀wé àti gbọ̀ngàn ìpàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rẹ̀ ni ìwé àdéhùn, ìwé ìnáwó àti lẹ́tà ń gbé. Inú rẹ̀ ni èèyàn méjì tó wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan ṣoṣo. Òun náà ló ń ṣọ́ ẹni tó lè ka ìwé àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fojú kàn án. Ọdún 1990 ni wọ́n dá Documentum sílẹ̀. Microsoft gbé SharePoint jáde ní 2001. Ní 2005, John Newton, tó wà lára àwọn tó dá Documentum sílẹ̀, pẹ̀lú John Powell, dá Alfresco sílẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ilé-iṣẹ́ kan tó lo irú ẹ̀ bó ṣe bá a gan-an. Ilé ẹjọ́ ń fẹ́ àyè fún nọ́ńbà ẹjọ́, ilé ìwòsàn ń fẹ́ ti aláìsàn, báńkì ń fẹ́ kí ọ̀gá mẹ́ta fọwọ́ sí ìwé kan kó tó kọjá. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà á wá fi kóòdù tiwọn kún èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí kóòdù tuntun ti pàdé ti àtijọ́ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ ti ń tán lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́.

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ tuntun kì í ṣe ohun àjèjì sí èdè yìí. Ní 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá jẹ́ òpó rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990. Àwọn ọ̀nà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà kò ṣòro láti mọ̀: àfòmọ́, àkànpọ̀, àpètúnpè, fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, àti yíyá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èdè mìíràn, yálà afetíyá tàbí afojúyá. Ohun tó ṣòro ni mímọ èyí tó yẹ níbi kan. "Ẹ̀rọ ayárabíàṣá" dùn létí, ó sì ń yin kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun kan fún ẹni tí ẹ̀rọ náà ń yọ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí a ó fi tún nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ lè nàka sí ojú ibi tó ti bàjẹ́. Bí ó bá kó nǹkan méjì pọ̀ tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀, yóò da iṣẹ́ rú.

Ọ̀rọ̀ tó ta kókó jù lọ ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bug, tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ kòkòrò. Thomas Edison ti lo ọ̀rọ̀ náà nínú lẹ́tà kan ní 1878 fún àwọn ìdíwọ́ kéékèèké tó máa ń yọjú nínú ohun tí ó ń ṣe. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 1947, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ Mark II ní Yunifásítì Harvard bá afòpiná kan tó há sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn rí kòkòrò ní ti gidi. Grace Hopper, tó wà lára òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ló sọ ìtàn náà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fi hàn pé wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ náà fún àléébù ẹ̀rọ kí afòpiná tó dé.

Ṣé kí Yorùbá náà wá máa sọ pé kòkòrò wà nínú sọ́fítíwíà? Ọ̀nà tó yá jù ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Kòkòrò ti ní iṣẹ́ tó pọ̀ lẹ́nu Yorùbá. Ó ń jẹ eyín, ó ń jẹ ẹ̀wà. Kòkòrò àrùn ń gbé inú omi. Orí rédíò ni aráyé ti gbọ́ nípa kòkòrò apa sójà ara. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, kòkòrò àrùn jẹ́ ohun abẹ̀mí tó ń ti ìta wọlé, tó sì ń ràn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà lóòótọ́: ètò burúkú tí ọ̀tá kọ, tó ń ti ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn. Òun ni orúkọ náà yẹ. Ohun tó bàjẹ́ nínú kóòdù tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ kò ti ìta wá, kì í sì í ràn. Bí wọ́n bá sọ fún ọ̀gá ọ́fíìsì pé kòkòrò ló wà níbẹ̀, yóò ní kí wọ́n ra oògùn kòkòrò, owó yóò lọ, àléébù yóò sì wà níbi tó wà.

Ìyàtọ̀ tí iṣẹ́ yìí nílò ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀. Ká ní ilé ẹjọ́ kan ń lo Alfresco. Ẹni tó ń kọ kóòdù fi àyè tuntun kan sínú àpèjúwe ìwé, ó pè é ní "nomba-ejo". Nígbà tó dé inú fáìlì kejì, èyí tó ń sọ ohun tí yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ ní "nomba_ejo". Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yẹn ni àṣìṣe: ó ní ẹni tó ṣe é, ó ní ọjọ́ tó ṣe é. Ìlà tó kù síbẹ̀ nínú fáìlì ni àléébù: ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọjọ́ tí akọ̀wé ilé ẹjọ́ ṣí fọ́ọ̀mù, tí kò rí àyè tí yóò kọ nọ́ńbà sí, ọjọ́ náà ni ìkùnà ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe ló bí àléébù, àléébù ló bí ìkùnà. Àwọn ìwé tó ń kọ́ni bí a ti ń dán sọ́fítíwíà wò ní Gẹ̀ẹ́sì náà ń ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹnu ojoojúmọ́ fi ń kó wọn pọ̀. Kò sí ìdí tí Yorùbá yóò fi jogún ìdàrúdàpọ̀ yẹn.

Ìwà tó ti ń wọ́pọ̀, tí "àṣìṣe" nìkan ń hàn lójú kọ̀ǹpútà fún gbogbo rẹ̀, yẹ kó dópin. Létí Yorùbá, àṣìṣe kì í wà láìní ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá kà á yóò bi ara rẹ̀ pé àṣìṣe ta ni, ọ̀pọ̀ yóò sì rò pé tàwọn ni. Àwọn mẹkáníìkì àti oníṣẹ́ iná ti yanjú èyí ní tiwọn: "fọ́ọ̀tì" ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sì í sọ ọ́ láti fi bá ẹnikẹ́ni wí. Fọ́ọ̀tì dára lẹ́nu iṣẹ́, àléébù dára nínú ìwé. Kí wọ́n jọ máa lọ.

Orúkọ tí a ó pe fífi kóòdù tiwa kún sọ́fítíwíà wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Aṣọ tí a rà lọ́jà kì í bá olúwarẹ̀ mu láìjẹ́ pé télọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí náà "ìmúbámu" lè dúró fún gbogbo iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n télọ̀ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè gé aṣọ náà gan-an, ó sì lè rán nǹkan mọ́ ọn lára tí yóò ṣeé tú. Nínú Alfresco, ẹni tó lọ tún fáìlì tó bá sọ́fítíwíà náà wá kọ ti gé aṣọ. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Alfresco bá gbé tuntun jáde, iṣẹ́ rẹ̀ yóò pòórá. Ẹni tó kó kóòdù tirẹ̀ sínú ẹrù ọ̀tọ̀, tó sì so ó mọ́ ara sọ́fítíwíà, lè tú u kó tún un so. Kí a pe ti àkọ́kọ́ ní ìgélára, ti ìkejì ní àfikún. Èyí wúlò púpọ̀ nígbà ìwádìí, torí pé ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé ṣé àfikún ló wà níbí, àbí ìgélára? Ní ti àtúnṣe kékeré tí a fi ń bo ojú ihò, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣẹ̀dá. Àbùlẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọ̀dọ̀ aránṣọ ló ti mú tirẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìwé fúnra rẹ̀ nílò ìṣọ́ra tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ẹ̀dà" ni gbogbo èèyàn ń pe èyí tí a fi ẹ̀rọ dà kọ. Bí sọ́fítíwíà bá wá sọ pé ẹ̀dà mẹ́ta ló wà, ṣé ìwé kan náà wà nínú fódà mẹ́ta ni, àbí ìwé kan ṣoṣo ni a ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Ẹni tí wọ́n ní kó pa ẹ̀dà tó pọ̀ jù rẹ́ lè pa ìtàn ìwé náà rẹ́ láìmọ̀. Ó sàn kí ẹ̀dà dúró sí ipò rẹ̀, kí ìwé tí a yí padà máa jẹ́ "àtúnkọ": àtúnkọ 1.1, àtúnkọ 2.0. Bákan náà ni "àkọsílẹ̀" ti di orúkọ ìwé, kò tún lè jẹ́ orúkọ fáìlì tí ẹ̀rọ ń kọ ohun tó ń ṣe sí. "Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀" ni kó jẹ́ ti ẹ̀rọ. "Àṣẹ" náà ti di ohun tí a ń pa fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀tọ́ tí ẹnì kan ní láti ka ìwé tàbí tún un kọ ní láti máa jẹ́ "ìyọ̀ǹda".

Gbígba ìwé láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa yí i padà, mú ìbéèrè kan wá tó dùn ún rò. Àwọn àgbà ya yá sọ́tọ̀ kúrò lára wín. Ẹni tó yá ọkọ́, ọkọ́ náà gan-an ni yóò dá padà. Ẹni tó wín iyọ̀, iyọ̀ mìíràn ni yóò fi dí i. Ìwé tí a gbà jáde máa ń padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun nínú, ó sì lè jọ wínwín. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ kò yí padà, ìwé kan náà ni. Yíyá ni. "Ìyájáde" àti "ìdápadà" tọ̀nà, wọ́n sì ń gba wákàtí là: ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ké pé ìwé kan kò ṣeé tún kọ, kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Ẹnì kan ló yá a jáde, tó lọ gba ìsinmi, tí kò dá a padà.

Ìwádìí fúnra rẹ̀ lè yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníṣègùn: àmì ni ohun tí olùlò rí, okùnfà ni ohun tó wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí SharePoint bá kùnà, ó máa ń fi nọ́ńbà gígùn kan hàn tí a lè fi wá ìlà tó yẹ nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀. "Nọ́ńbà ìtọpasẹ̀" bá a mu. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó yọ àfikún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ìkùnà yóò fi dáwọ́ dúró. Kí èyí tó ṣeé ṣe, a ní láti lè mú kí ìkùnà náà ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ jáde lẹ́nu fún èyí: "àtúnṣẹ", ohun tó tún ṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ọ̀pọ̀ kì í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lórí fóònù, àtúnṣẹ yóò sì di àtúnṣe lójú ìwé. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìṣòro ti ní àtúnṣẹ yóò rò pé ó ti ní àtúnṣe. "Ìmúṣẹlẹ̀" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Nǹkan mẹ́ta mìíràn tí a kò gbọdọ̀ dàpọ̀ ni òdo, òfìfo àti àìsí. Nọ́ńbà ni òdo. Àyè tó wà tí a kò kọ ohun kan sí ni òfìfo. Àìsí ni ti àyè tí kò tilẹ̀ sí lára ìwé yẹn rárá. Kóòdù Java tó lọ bèèrè ohun kan lọ́wọ́ àìsí yóò dákú lójú ẹsẹ̀, bí ẹni jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀. Púpọ̀ nínú ìkùnà tó ń tẹ̀ lé ìmúbámu wà níbí: a ti fi àyè tuntun kún àwọn ìwé tuntun, kóòdù sì ń wá a lára àwọn ti àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ tí sọ́fítíwíà ń bá olùlò sọ náà jẹ́ ara iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, you, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá ọmọdé àti àgbà sọ̀rọ̀. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "O kò ní ìyọ̀ǹda" lójú kọ̀ǹpútà adájọ́ àgbà jẹ́ ìwọ̀sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ló sọ ọ́. "Ẹ" ni kó wà níbi gbogbo, kí gbólóhùn náà sì sọ ohun tó kàn: "A kò tíì yọ̀ǹda ìwé yìí fún yín. Ẹ kàn sí ẹni tó ń bójú tó o."

Àléébù kan wà tó jẹ́ ti àwọn tó ń fi Yorùbá kọ̀wé ní pàtàkì. Nínú Unicode, kò sí àmì kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. A lè kọ ẹ́ ní ẹ pẹ̀lú ohùn òkè, a lè kọ ọ́ ní é pẹ̀lú àmì abẹ́, a sì lè kọ ọ́ ní e lásán tí àmì méjèèjì tẹ̀ lé. Ojú ènìyàn kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀; lójú kọ̀ǹpútà, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Akọ̀wé kan tọ́jú ìwé sábẹ́ orúkọ "Ẹjọ́ Ilẹ̀" láti inú ẹ̀rọ kan, ẹlòmíràn fi ẹ̀rọ mìíràn tẹ orúkọ kan náà, àfikún tó ń fi orúkọ wá ìwé sì dáhùn pé kò sí. Ìwé wà níbẹ̀, atọ́ka kò bàjẹ́, ìyọ̀ǹda wà. Oògùn rẹ̀ ni ìsọdọ̀kan: kí kóòdù sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan kó tó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí olùlò ń wá. Àléébù pàápàá, pẹ̀lú ohùn mẹ́rin tó wà lórí rẹ̀, ṣeé tẹ̀ lónírúurú ọ̀nà. Kí ẹni tó bá ń to irú ọ̀rọ̀ báyìí jọ sínú kọ̀ǹpútà ṣe ìsọdọ̀kan láti ọjọ́ kìíní.