Òṣùwọ̀n Àwọ̀ Ara Inú Fóònù Wa àti Ibi Tí Ó Ti Wá

Ohùn nìkan ni ó ya awọ tí ó bo ara sọ́tọ̀ sí àwọ̀ tí ojú ń rí. Síbẹ̀, àwọn baba wa kò fi nọ́ńbà sí ara ọmọ ènìyàn. Ní Kétu bí ní Àjàṣẹ́, ẹnì kan dú, ẹnì kan pọ́n. A ń ki ti àkọ́kọ́ ní adúmáadán, a ń ki èkejì ní apọ́nbéporẹ́. Ṣùgbọ́n bí apọ́nbéporẹ́ bá fẹ́ fi èmójì ọwọ́ tí ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́ lónìí, àwọ̀ márùn-ún ni fóònù yóò tẹ́ síwájú rẹ̀ pé kí ó mú ọ̀kan. Níbo ni márùn-ún yìí ti wá?

Wíwọn àwọ̀ ara kò bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ṣáájú ogun àgbáyé èkínní, Felix von Luschan, ọmọ Austria tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Berlin, ṣe ègé dígí aláwọ̀ 36. Wọn a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara ẹni, níbi tí oòrùn kì í dé, wọn a sì wá nọ́ńbà tí ó bá a mu. (Luschan yìí kan náà ni ó kọ ìwé ńlá lórí iṣẹ́ idẹ Bìní ní 1919: ti ìlú Ọba Ẹdó ni, kì í ṣe orílẹ̀-èdè wa.) Àwọn tí ń to ẹ̀yà ènìyàn lé ara wọn lórí lò ó púpọ̀.

Èyí tí ó wọ inú fóònù jẹ́ ti dókítà. Ní 1975, Thomas Fitzpatrick, dókítà awọ ara ní Harvard, tẹ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan jáde ní èdè Faransé: Soleil et peau. Kì í ṣe àwọ̀ gan-an ni ó ń wá. Wọ́n ń fi ìtànṣán wo àrùn awọ kan, ó sì fẹ́ mọ ìwọ̀n tí aláìsàn lè gbà tí ara rẹ̀ kò fi ní jó. Ohun tí ó ń bi aláìsàn ni pé: bí o bá dúró nínú oòrùn, ṣé wàá jó ni, àbí wàá dú sí i? Ìpín mẹ́rin ni ó ṣe, gbogbo wọn fún aláwọ̀ funfun. Lẹ́yìn náà ni a fi ìkarùn-ún àti ìkẹfà kún un. Báyìí ni wọ́n kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo aláwọ̀ dúdú Áfíríkà, láti Dakar dé Cape Town, sínú yàrá méjì tí a kọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilé.

Àjọ Unicode ni ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, títí kan ẹ àti ọ, àti ɛ àti ɔ tí a ń lò ní Bẹ̀nẹ̀. Ó gba èmójì láti Japan wọlé ní 2010. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù nígbà náà, funfun ni ojú àti ọwọ́ inú wọn. Àwọn ènìyàn sì fi ẹ̀hónú hàn. Ní 2015, àjọ náà fi àwọ̀ márùn-ún kún un. Òṣùwọ̀n Fitzpatrick ni ó lò, ó sì pa ìpín èkínní àti èkejì pọ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: mẹ́ta nínú márùn-ún wá láti inú ìpín tí a ṣe fún aláwọ̀ funfun. A kò sọ pé ẹ̀tanú ni. Wọ́n mú òṣùwọ̀n tí ayé ti mọ̀, wọn kò béèrè iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a. Wọ́n ṣe ohun rere kan, ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n: ẹni tí kò bá yàn, àwọ̀ ìyeyè tí kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn kankan ni yóò rí. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ ètò fún fóònù kíyè sí i. Àwọ̀ tí ẹ bá fi síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yàn ni ẹ sọ pé ó jẹ́ ti ènìyàn.

Àwọn tí ń gbèjà wa pàápàá kò rí òṣùwọ̀n mìíràn. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ètò mẹ́ta tí ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ènìyàn wò. Àwòrán àwọn aṣòfin Senegal àti Rwanda wà lára èyí tí wọ́n lò. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, àṣìṣe èyí tí ó burú jù tó 34.7 nínú 100. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, kò ju 0.8 lọ. Ìpín Fitzpatrick ni wọ́n fi ya àwọn ojú náà sọ́tọ̀.

Ní 2022, Ellis Monk, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Harvard, pẹ̀lú Google, gbé òṣùwọ̀n aláwọ̀ mẹ́wàá jáde, tí a kò fi jíjó nínú oòrùn pín. Nínú rẹ̀, dúdú ju ẹyọ kan lọ, a sì rí ohun tí ó súnmọ́ pupa wa. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Èmójì ṣì dúró lórí márùn-ún.