Ìyàtọ̀ Ló Ń Sọ̀rọ̀: Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Wá Ohun Ogun Lábẹ́ Ilẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ó rántí ìbéèrè mi ní kíláàsì: báwo la ṣe ń dá ohùn òkè mọ̀? Nítorí ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá ohun ogun tó ti wọlẹ̀ ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Żagań ní Pólándì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni àwọn ará Jámánì ní àgọ́ Stalag Luft III, tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun òfuurufú tí wọ́n bá mú sí. Roger Bushell ló ṣáájú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta, Tom, Dick àti Harry. Ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tẹ Tom. Harry, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 100, ni èèyàn 76 gbà sá jáde lóru 24 mọ́jú 25 oṣù Kẹta, 1944. Mẹ́ta péré ló bọ́. Wọ́n mú 73 padà, wọ́n sì yìnbọn pa 50 nínú wọn.

Dick ńkọ́? Wọn ò gbẹ́ ẹ parí. Wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ síbẹ̀, wọ́n sì ń da yẹ̀pẹ̀ ihò yòókù sí i. Inú ihò omi ìdọ̀tí ní balùwẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ò sì rí i rárá.

Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti awalẹ̀pìtàn lọ wá a. Ẹ̀rọ rédà máa ń ta ìgbì rédíò wọ ilẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti yí padà, ìgbì á ta padà sókè. Yanrìn gbígbẹ máa ń jẹ́ kó kọjá, amọ̀ tútù ló máa ń gbé e mì. Iyanrìn sì ni ilẹ̀ Żagań. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, rédà ò lè pe nǹkan ní orúkọ. Ohun tó lè sọ ò ju pé ibí yìí ò rí bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìrántí àwọn tó gbẹ́ ihò náà ló sọ pé balùwẹ̀ ni kí wọ́n wò. Wọ́n walẹ̀, wọ́n sì bá Dick.

Ẹ wá wo ilé. Odi Ìbíkúnlé yí Ìbàdàn ká nígbà kan. Ilé àti títì ti bo ọ̀pọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yàrà tí wọ́n ti dí sábà máa ń di omi mú ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, iná mànàmáná á sì gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ lè ka ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ẹnubodè wo ló wà níbẹ̀, àti agboolé tó ń ṣọ́ ọ?

Èmi alára ti ré kọjá àádọ́rin ọdún. Mo mọ bí ìrántí ṣe ń jò. Yàrà lè dúró de ẹ̀rọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àgbà ò lè dúró. Ẹni tó bá ṣì ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé, kó lọ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, kó bi wọ́n pé: níbo ni odi gbà kọjá?